Gúdúgúdú tí Ewúrẹ́ Kọ́kọ́ Jẹ

Ikùn ewúrẹ́ kì í jẹ́rìí fún ikùn ọmọ. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, àbí? Ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ nínú yín? Ẹ kàn ń mirí ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ìyàn kan mú ní abúlé Eléèrà. Ebi yẹn le débi pé aláǹgbá ò lókun láti mirí mọ́, eku sì fọwọ́ lẹ́rán nínú àká. Àwẹ̀ró, ìyàwó Láògún, ò rí nǹkan kan fún Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀ jẹ. Ẹkún ọmọ náà ti rẹlẹ̀, ó ti dà bí ohùn kòkòrò.

Ni Àwẹ̀ró bá wọ igbó, ó wa gúdúgúdú, iṣu igbó tó máa ń pani. Ìyá ọkọ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó mú díẹ̀ níbẹ̀, ó gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó rì í sódò tó ń ṣàn.

"Tó bá rẹ dáadáa, màá fi pa apá mi. Bí ò bá yún mi, màá fi kan ètè, kí n tó wá fi kan ahọ́n. Ìyàwó, ṣe sùúrù."

"Ìyá, ebi ò mọ sùúrù."

Láògún, tó lè bá òkú ṣàwàdà, nawọ́ sí ewúrẹ́ wọn. "Ẹ se èyí tó kù, kí eléyìí kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Bó bá kú, a jẹ ẹran. Bí ò bá kú, a jẹ iṣu. Èwo ló burú níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró sè é. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó lánu, ó tún ń wá sí i. Àwẹ̀ró jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò yọ ìfófòó. Ló bá kó gbogbo ìyókù fún Àyọ̀ká, nítorí abiyamọ kì í ṣáájú ọmọ jẹun nígbà ìyàn. Ọmọ jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, ó di ọ̀fun mú. Wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu, epo ń ṣàn padà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti lọ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ìyá ọkọ gbé apẹ̀rẹ̀ dé láti odò. Gúdúgúdú inú apẹ̀rẹ̀ ò yún un lápá, kò yún un létè, kò ta á láhọ́n. Ó sè é, ó gbé e síwájú Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró jẹ ẹ́, torí ebi kì í ṣọ̀fọ̀. Ó dùn. Ewúrẹ́ ń ké níta.

Bí ẹnì kan bá ń sọ pé, "Lágbájá lò ó, kò ṣe é ní nǹkan kan," tó sì fẹ́ fún ọmọ ẹlẹ́gẹ́ lò, ìgbà yẹn làwọn àgbà máa ń sọ ọ́: ikùn ewúrẹ́ kì í jẹ́rìí fún ikùn ọmọ. Níbi tí wọ́n bá sì ti pa òwe yìí, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.