Ẹ̀yín Iná Méjì Inú Itan Ẹtu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi sáré wàràwàrà, ó la igbó já, ó kó sínú itan ẹtu.

Ẹ̀yin ọmọ, ilé kéékèèké ló kún inú itan ẹtu. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Nínú ọ̀kan ni Àwẹ̀ró ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lápàdé ahun, tí kì í fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀. Ìrèké olóríkèé mẹ́fà ni oúnjẹ wọn. Àwẹ̀ró ló ń là á. Lápàdé ló ń tọ́jú ẹ̀yín iná tí ẹtu fi ń sáré. Bí wọ́n bá fẹ́ la ìrèké, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀yín iná méjì sí i, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Ìgbà náà ni yóò là sí méjì, tí ẹ̀yín iná mẹ́rin yóò jáde. Bí atẹ́gùn bá wà, wọ́n á kó ìlàjì méjèèjì lọ sí ààrò ńlá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí iná ti ń pọ̀ yanturu.

Lọ́jọ́ kan, ẹkùn lé ẹtu. Ilẹ̀ ń mì kìtìkìtì. Ẹtu ń mí hẹlẹhẹlẹ, atẹ́gùn kò tó mọ́, ààrò ńlá rọlẹ̀. Ẹ̀yín iná méjì péré ló kù lọ́wọ́ Lápàdé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú wọn wá! Ìrèké ti wọlé.”

“Kí n wá jókòó sínú òtútù? Ṣé orí ẹ pé?”

“Ẹkùn ń bọ̀!”

“Ẹkùn ò mọ ilé wa.”

Àwẹ̀ró gbé àdá rẹ̀. Ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lawọ́ o,
*Iná ń kú lọ.*
Méjì á wọlé kí mẹ́rin tó jáde,
*Iná ń kú lọ.*
Ẹkùn ń mí sí wa lẹ́yìn,
*Iná ń kú lọ.*

Lápàdé ju ẹyọ kan sílẹ̀. “Gbà. Mo ti lawọ́.”

Àwẹ̀ró fi í sórí ìrèké. Ìrèké wú, kò gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́. Ó sọ àdá sí i, kọ̀! Kò là.

“O ti fi ọ̀kan ṣòfò! Dá a padà!”

“Kò ṣeé dá padà. Ẹ ti kọ ebè tán, ẹ wá fẹ́ jẹ èbù?”

Ẹsẹ̀ ẹtu ń wúwo. Ilé náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwẹ̀ró tún kọrin:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lawọ́ o,
*Iná ń kú lọ.*

Gbàmù! Ẹkùn ti gbá ìrù ẹtu mú. Ìrù já! Ilé mì jìgì, ọwọ́ Lápàdé là. Àwẹ̀ró já ẹ̀yín iná gbà, ó fi í sídìí ìrèké, ó sọ àdá. Fàà! Mẹ́rin bọ́ sílẹ̀. Kí Lápàdé tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà wọ́n, Àwẹ̀ró ti mú méjì fi la ìrèké mìíràn. Mẹ́rin tún jáde. Ẹtu fò fìrí, ó di òdìkejì odò. Ẹkùn dúró létí omi, ìrù tó já ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí pé atẹ́gùn kò tó, àwọn ìlàjì náà kò lè lọ sí ààrò ńlá, wọ́n kan bí ọtí nínú ilé. Itan ẹtu ń ro ó gidigidi, títí ó fi sinmi tó sì mí dáadáa.

Lápàdé wo ilẹ̀. “Àṣé méjì ló ń di mẹ́rin lóòótọ́?”

“Mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní ẹ tètè lawọ́ ni, mẹ́rin náà ì bá ti jáde kí ìrù tó já.”

Láti ọjọ́ náà ni ìrù ẹtu ti kúrú. Ibí ni àlọ́ mi ti mí kanlẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá jẹ èbù kò ní í wa iṣu. Ohun tí a ó bá fi sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó yọrí, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ tán, kí á sì tètè fi í sílẹ̀.