Akàn Tó Ń Kó Ewé Inú Ìsun

Ààlọ́ o! Ẹ bá mi gbè é sókè, ó ti rẹ ìyá yín lónìí.

Ìsun omi kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko ń mu, Akàn nìkan ló sì ń kó ewé inú rẹ̀. Ọwọ́ ń ro ó, ló bá kọrin:

“Ewé fẹ́ dí ìsun o!”
Tẹ̀rẹ̀nà!

Ẹtu ní ẹsẹ̀ òun kò gba ẹrẹ̀. Ọ̀bọ ní ó di ọ̀la. Ẹfọ̀n mu àmuyó, ó ní, “Ṣebí ìsun Akàn ni.”

Akàn kò bá wọn jà. Ó wọ ihò lọ sùn.

Nígbà tí ewé dí ìsun pa, wọ́n sáré dé: “Ẹ̀gbọ́n Akàn, ẹ dákun, ìsun wa ti dí!”

Akàn kò tilẹ̀ dìde. “Ìsun ta ni?”

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló gbá ojúde yìí kí ẹ tó jókòó?