Ọ̀rẹ́ Méjì Tó Lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Làmídì aránṣọ kò fi kí Ọ̀jẹ́wùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nítorí igi obì kan tó wà láàárín oko àwọn méjèèjì. Kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀jẹ́wùmí ló ni igi náà, ni Làmídì bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ilé ẹjọ́ gíga.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ó gbé agbádá tuntun wọ̀. Adájọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ilé ẹjọ́ yìí kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ yìí. Mo dà á nù."

Làmídì di lọ́yà rẹ̀ mú. "Ta ló wá jàre?"

"Wọn ò gbọ́ ẹjọ́ náà rárá, bàbá. Ibí kọ́ ló yẹ ká gbé e wá."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ sí abúlé wọn, ìjókòó méjì tó kù nínú rẹ̀ sì fara kínra. Agbádá Làmídì bo Ọ̀jẹ́wùmí dé àyà. Ọ̀jẹ́wùmí gbé ẹ̀rín mì, ó ní, "Igi yẹn ń so ju ohun tí ẹnu mi lè jẹ lọ. Wá máa ká níbẹ̀."

Inú Làmídì rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Kóòtù wo? Ṣebí wọ́n ní ibẹ̀ kọ́ ni! Àwa ò dé kóòtù lónìí."

Làmídì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ya ará abúlé. Wọ́n ní, "Ẹjọ́ ńkọ́?"

Làmídì ní, "A dé ibẹ̀, a ò bá kóòtù nílé."