Àdúrà Ọ̀gá Oníná

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olókè kan, òun ni ó kọ́kọ́ tan iná mànàmáná níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré ni ó gbé sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ilé àwọn aládùúgbò. Iná rẹ̀ rọ̀, kì í gbé ọmọdé. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó ní: kò lè rìn jìnnà. Bí ó bá ti kọjá ọjà, gílóòbù a máa pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.

Ìyàwó rẹ̀ ni agbẹ̀bí ìlú. Òdìkejì òkè ni ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà, àtùpà ni ó sì fi ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣèlérí iná fún un. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dọ́ba, ìlérí náà sì ń dùn ún.

Ó kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan níṣẹ́. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Wàá jù mí lọ. Ibi tí ọwọ́ mi kò tó, ọwọ́ rẹ á tó o.” Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ọmọ iṣẹ́ náà lọ sí ìdálẹ̀, ó sì kó iná oríṣi mìíràn bọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá sí ẹsẹ̀ odò tí ń já láti orí àpáta, máìlì mẹ́ta sí ìlú, ó sì fa iná rẹ̀ wọ ọjà.

Ǹjẹ́ ọ̀gá yọ̀? Rárá o. Inú bí i débi pé kò lè jẹun. Ó ń sọ fún ẹni gbogbo pé iná apànìyàn ni. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó ní òun yóò fi hàn wọ́n. Lọ́jọ́ ọjà, ó fa àgbò lọ sí abẹ́ òpó iná, ó dè é mọ́lẹ̀, ó sì fi igi gbígbẹ mú wáyà ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó gbàgbé pé ìyàwó òun ni ó ni àgbò.

Obìnrin náà gbọ́, ó sáré dé. Kò pariwo. Ó kàn dúró láàárín ọkọ rẹ̀ àti àgbò rẹ̀.

“Baba Bánkẹ́, níbo ni iná tó fẹ́ pa àgbò mi yìí ti ń bọ̀?”

“Níbi odò tó ń já.”

“Máìlì mẹ́ta! Ó sì tún ku agbára tó lè pa àgbò?”

“Ohun tí mò ń wí nìyẹn! Á pa màlúù pàápàá!”

“Ilé ìgbẹ̀bí mi kò tó máìlì kan síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yà síbẹ̀.”

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo wáyà ọwọ́ rẹ̀. Ó ti bá ẹni ẹlẹ́ni polówó ọjà.

Ọmọ iṣẹ́ náà jáde láàárín èrò ọjà, ó dọ̀bálẹ̀. “Ọ̀gá mi, òótọ́ lẹ sọ, iná yìí ń pààyàn. Ta ló mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ jù yín lọ? Ẹ bá mi wò ó láti ilé dé ilé.”

Ọ̀gá tú àgbò sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi so gílóòbù ilé ìgbẹ̀bí kọ́. Nígbà tí ó tàn, ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ ṣé, ọkọ mi,” omijé sì bọ́ lójú ọkùnrin náà. Àgbò náà dàgbà, ó darúgbó, kò sì gba abẹ́ òpó kọjá mọ́.

Ìwọ náà ńkọ́, àbúrò mi? Ọmọ iṣẹ́ rẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, àwọn oníbàárà rẹ ń yà síbẹ̀, o sì ti ń wá àgbò tí wàá dè mọ́lẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀mù rẹ̀. Mo gbọ́ àdúrà tí o gbà, mo sì bá ọ ṣe àmín. Àmín yẹn ló dé. Dìde, lọ kí i káàbọ̀.