Àwẹ̀ró, Ọmọ Àbùùbùtán tí Ọba Gbà Tọ́

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi wọ ọkọ̀, ó tukọ̀ títí, ó gúnlẹ̀ sórí Àwẹ̀ró ọmọ àbùùbùtán. Ó gúnlẹ̀ sórí ìyá rẹ̀. Ó gúnlẹ̀ sórí Alágẹ̀rìn, ọba ìlú Àgẹ̀rìn tó wà létí òkun. Ẹ sún mọ́ iná dáadáa, kí ẹ gbọ́.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹja àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, àbùùbùtán kan, ẹran omi tó tóbi ju ọkọ̀ lọ, wà nínú òkun. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, àmì funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un. Àwẹ̀ró ni orúkọ ọmọ náà.

Àwẹ̀ró gbọ́n, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó yà sọ́tùn-ún, á yà sósì. Bó bá pàdé àgbà lọ́nà, á fi ìrù ta omi sí i lójú. Ìyá ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Yóò gbọ́n." Ìyá Àwẹ̀ró kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó pé ọmọ tí wọ́n kẹ́ báyìí, ta ni yóò gbà á sílé lọ́la?

Ní ọjọ́ kan, Alágẹ̀rìn wọ ọkọ̀ lọ wo àwọn apẹja rẹ̀. Ó rí Àwẹ̀ró tó ń ṣeré lójú omi. Ó wò ó, wò ó, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Bí èyí bá wà lẹ́yìnkùlé mi, ọba wo ni yóò tún bá mi dọ́gba?" Ṣùgbọ́n kò sọ ìyẹn síta.

Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọmọ yín dára. Ó kàn dà bí ẹni pé etí rẹ̀ le díẹ̀."

"Kábíyèsí, etí rẹ̀ kò le díẹ̀. Ó le púpọ̀. Ó ti sú mi."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí àwa ń ṣe lórí ilẹ̀? Bí ọmọ bá le lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a ó mú un fún ẹlòmíràn kó bá a tọ́ ọ. Ẹ mú un fún mi. N ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ààfin. Lọ́dọọdún, nígbà tí ẹja ṣawá bá dé, ẹ wá sẹ́nu odò, ẹ ó rí i. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá sì ti pé, ẹ ó máa mú un lọ."

Ìyá àgbà yọjú láti ìsàlẹ̀ omi. Ó ní, "Kábíyèsí, omi ààfin yín jìn tó ibo?"

"Màmá, omi ọba kì í tán."

"N kò bèèrè bóyá ó ń tán. Mo ní báwo ló ṣe jìn tó."

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyá Àwẹ̀ró.

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ ba ọmọ yìí jẹ́." Ìyá àgbà bá wọ ìsàlẹ̀ omi padà. Bí Àwẹ̀ró ṣe tẹ̀ lé ọkọ̀ ọba lọ sí Àgẹ̀rìn nìyẹn.

Ọba ti gbẹ́ adágún kan sẹ́yìn ààfin. Wọ́n fi òkúta mọ ògiri yí i ká. Wọ́n la ọ̀nà omi tóóró láti ibẹ̀ dé ẹnu odò, níbi tí odò ti wọ òkun, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn igi dí i. Àwẹ̀ró wọlé tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ó lúwẹ̀ẹ́ síwájú, imú rẹ̀ kan ògiri. Ó yí padà, ìrù rẹ̀ kan ògiri. Ó wọ ìsàlẹ̀, ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó rò pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, pé wọ́n ń bọ̀ wá mú òun wọ inú ilé. Ó dúró de inú ilé títí. Kò sí inú ilé. Adágún náà ni ilé.

Ọba sọ ọ́ ní Ìyanu, kò pè é ní Àwẹ̀ró mọ́. Ó wá pe obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdùnbárìn, opó tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ apẹja, ó ní kó máa bọ́ ọ. Ó fún un ní fèrè.

"Bí o bá fọn fèrè, tó bá ṣe ohun tí a fẹ́, sọ ẹja sí i. Bí kò bá ṣe é, má fún un."

"Bí ebi bá wá pa á ńkọ́, kábíyèsí?"

"Ebi náà wà lára olùkọ́."

Ebi sì kọ́ ọ. Nínú òkun, Àwẹ̀ró ń lé ẹja kó tó jẹ ẹ́. Níbí, ẹja tó ti kú ló ń jẹ, bí fèrè bá sì dún nìkan ni. Ìkíni ló kọ́kọ́ mọ̀. Bí fèrè bá dún, á gbé orí lé etí òkúta, á tẹ̀ ẹ́ ba fún ọba. Àwọn ènìyàn tẹ́ ẹní sí etí adágún, wọ́n gbé ọmọ lé èjìká.

"Ẹ wò ó, ó ń dọ̀bálẹ̀."

"Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ ni."

"Kúnlẹ̀ bí i ti báwo? Orúnkún rẹ̀ dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú ọba dùn débi pé kò rántí jẹun.

Ẹja ṣawá dé. Ìyá Àwẹ̀ró wá sẹ́nu odò, ó sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró ọmọ mi o,
*Omi ń relé.*
Ẹja ṣawá ti dé o,
*Omi ń relé.*
Ìyá rẹ dúró lẹ́nu odò,
*Omi ń relé.*
Bó o bá gbọ́, dáhùn o,
*Omi ń relé.*

Àwẹ̀ró gbọ́. Ó fi orí gbá ìlẹ̀kùn, ó tún gbá a. Ọba sáré lọ sétí òkun.

"Ìyá ọmọ, ẹ kú ìrìn. Ọmọ yín ti mọ ìkíni. Fífò ló kù. Àbọ̀ ẹ̀kọ́ kò dára."

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n kàn fojú kàn án."

"Bó bá rí yín, yóò sunkún. Gbogbo ohun tó ti kọ́ á bàjẹ́."

Ìyá rẹ̀ rò ó, ó rí i pé bí àwọn olùtọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó padà.

Àwẹ̀ró kọ́ fífò. Wọ́n ta okùn kọjá lórí adágún, bí fèrè bá sì ti dún, á fò ó. Àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á, kò sì sí ibi tó jìn tó lè sá sí. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń yí sí, yíyí, yíyí, láti àárọ̀ di alẹ́. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń dúró ṣánṣán wá wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewé tí oòrùn pa.

Ẹja ṣawá tún dé. Ìyá rẹ̀ tún wá.

Àwẹ̀ró ọmọ mi o,
*Omi ń relé.*
Ìyá rẹ dúró lẹ́nu odò,
*Omi ń relé.*

Ọba ní, "Ó ti mọ fífò. Ijó ló kù. Ṣé ẹ fẹ́ ọmọ tí kò mọ ijó?" Ìyá rẹ̀ kò dúpẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó padà.

Lọ́jọ́ náà, Àwẹ̀ró kò gbá ìlẹ̀kùn. Ó sún mọ́ Àdùnbárìn.

"Ìyá ẹlẹ́ja, ta ló ń kọrin yẹn?"

"Ìyá rẹ ni."

"Mo ti máa ń gbọ́ ọ. Mo rò pé inú orí mi ló wà."

Àdùnbárìn jókòó lórí òkúta. Ó ní, "Èmi náà lọ́mọ kan. Ó wà ní ìlú kan lókè, lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wálé. Wọ́n ní kò tíì gbọ́n tó."

"Ṣé ó ti pẹ́?"

"Ó pẹ́ débi pé n kò mọ bó ṣe ga tó mọ́."

Àwẹ̀ró kúrò létí òkúta. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí yípo.

Nígbà tí ẹja ṣawá dé lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀ kò tọrọ nǹkan kan. Ó na ara rẹ̀ dí ẹnu odò. Ọkọ̀ kankan kò jáde. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn. Ọmọ mi ni mo wá mú."

Àwọn apẹja ti ń kùn lẹ́yìn ọba. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dára. Ẹ óò pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jáde, tiyín ni. Bí kò bá jáde, ọmọ fúnra rẹ̀ ti yan ilé tó wù ú nìyẹn. Ṣé ó tọ́?"

"Ó tọ́. Ọmọ mi mọ ohùn mi."

Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn. Ọba sọ ọ́ sí Àdùnbárìn létí, ó ní, "Bó bá ti kọjú sí ọ̀nà, fọn fèrè."

Ìyá rẹ̀ kọrin. Àwẹ̀ró kọjú sí ọ̀nà. Fèrè dún. Ara rẹ̀ ti wà lókè kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ tún kọrin. Àwẹ̀ró dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Fèrè dún. Ó yí padà, ó lọ gbé orí lé etí òkúta, ó tẹ̀ ẹ́ ba fún ọba.

Ọba ké sí ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ rí i? Ọmọ mọ ibi tó ti ń jẹun."

Ìyá Àwẹ̀ró gbé orin lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Kò lè kọ gbogbo orin náà tán mọ́.

Àwẹ̀ró ọmọ mi o,
*Omi ń relé.*

Àwẹ̀ró kọjú sí ọ̀nà, ó dúró. Ó ń dúró de fèrè. Fèrè kò dún. Ó bojú wo òkè. Fèrè wà lẹ́nu Àdùnbárìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò wú.

Ọba ní, "Fọn ọ́n."

Kò fọn ọ́n.

"Obìnrin yìí, mo ní fọn ọ́n."

Àdùnbárìn yọ fèrè lẹ́nu. Ó ní, "Kábíyèsí, èémí mi kò dé ibẹ̀ mọ́."

Gbogbo etí adágún pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Àwẹ̀ró gbọ́ ohùn kan láti ẹnu odò, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe inú orí òun ló wà. Ó lọ. Ó wọ ẹnu ìlẹ̀kùn, ikùn rẹ̀ ń ha ilẹ̀, ó lọ, ó bọ́ sínú omi tí kò nísàlẹ̀.

Ọba já fèrè gbà, ó sáré sétí òkun, ó fọn ọ́n. Ní ọ̀nà jíjìn, Àwẹ̀ró fò sókè, ó já padà sínú omi gbàà.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"N kò mọ̀, Màámi. Ara mi ló ń ṣe é."

Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ohùn fèrè ti ń wá, ó fi ara ti ara rẹ̀. Fèrè tún dún. Ọmọ tún fò. Nígbà tó já wálẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọba fọn fèrè títí ètè rẹ̀ fi là. Kò sí ẹni tó rí Àdùnbárìn níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ti gba ọ̀nà òkè lọ mú ọmọ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àbùùbùtán ti máa ń fò sókè lójú agbami, níbi tí kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un, tí á sì tún já sínú omi. Fèrè yẹn kò tíì tán lára wọn. Ìdí rẹ̀ náà sì nìyí tí ọmọ àbùùbùtán, bó ti wù kó dàgbà tó, bí òun náà tilẹ̀ ti bímọ, kì í fi ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá fò, á mọ ibi tí òun ń já sí.

Ibi tí àlọ́ mi so ọkọ̀ mọ́ rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn mi há nígbà tí mo bá ń pe àwọn ọmọ mi. Ẹ gbọ́ ohùn mi, kò há.