Tòbí tí Ìjàpá Rán fún Agbọ́n

Ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Ẹ dáhùn dáadáa jàre. Ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Ẹn-ẹn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yà sílé Ìjàpá aránṣọ, ó sì lọ di okùn mọ́ Agbọ́n nídìí. Mosúnmọ́lá, ìwọ ni mo ń pa á fún. Mo rí àwo ẹ̀bà tí o tì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Má wulẹ̀ wojú mi.

Láyé àtijọ́, Agbọ́n kò rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n yìí. Ó sanra. Ìbàdí rẹ̀ tó odó. Odó ni mo wí. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlá ló ń wọ̀ sídìí, bó bá sì ń lọ lójú ọ̀nà, wọn á máa ké wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ tòbí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tòbí ni aṣọ kékeré tí àwa obìnrin ń wọ̀ sábẹ́ ìró, tó ní okùn tí a fi ń so ó mọ́ ìdí. Obìnrin tí kò bá nídìí nígbà náà, àkísà ló ń ká sábẹ́ tòbí kí ìdí lè yọ.

Nílùú wọn, bí ìgbéyàwó ọmọge bá ku oṣù kan, gbogbo ẹbí á máa gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́, kó lè sanra délé ọkọ. Ìrẹ̀ ni ọkọ àfẹ́sọ́nà Agbọ́n. Bí ìgbéyàwó wọn ti ku oṣù kan, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ilé Ìjàpá. Iyán ń kọjá, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń kọjá, ẹja ń kọjá. Ìjàpá tó ń rán tòbí fún gbogbo ìlú kò lóko, ọ̀fun rẹ̀ sì gbòòrò. Ó dìde, ó lọ bá Agbọ́n.

"Agbọ́n, ọmọ mi, ṣé o kò tíì gbọ́ ni?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́, Bàbá?"

"Ìbàdí ńlá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè odò dé ni. Ìbàdí àwọn obìnrin ibẹ̀ kò ju ọrùn ọwọ́ mi yìí lọ. Ìyá Ìrẹ̀, ìyá ọkọ rẹ, ló ń yìn wọ́n. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́."

Irọ́ ni o. Ìjàpá kò dé òkè odò kankan. Ṣùgbọ́n báyìí náà ni wọ́n ń ṣe fún wa. Nígbà tí èmi wà lọ́mọge, wọ́n ní ìdí ló wà lóde, mo wọ yẹ̀rì mẹ́ta léra wọn, mo fi sítáàṣì sí i kó lè dúró gan-an. Kò pẹ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìdí mọ́, ọmú ṣóńṣó ni. A tún ra kọ́mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ta ni "wọ́n"? Títí dòní, n kò tíì rí ojú wọn.

Agbọ́n bojú wo ìdí ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdí náà máa tì í lójú nìyẹn. Ó fẹ́ràn Ìrẹ̀ dénú, ẹ̀rù sì bà á pé àna máa kọ òun lójú agbo.

"Bàbá, ẹ gbà mí," ó wí.

Ìjàpá bó èèpo igi, ó sá a kó le gan-an, ó rán an bíi tòbí. Ó dì í mọ́ Agbọ́n, ó wá ta kókó kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó ní, "Èèwọ̀ kan ló ní. O kò gbọdọ̀ jẹun yó. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá, ilé mi ni kí o máa kó o wá, kó má baà máa wọ̀ ọ́ lójú."

Láràárọ̀ ni Ìjàpá ń fa okùn náà sí i. Agbọ́n á máa kọrin pẹ̀lú omijé. Ẹ gbè é:

Bàbá aránṣọ, mi ò lè mí mọ́ —
Fà á, kó le!
Iyán ń gbóná, mi ò lè jẹ ẹ́ —
Fà á, kó le!
Torí ọkọ mi, torí àna mi o —
Fà á, kó le!

Ẹ rí i bó ṣe dùn lẹ́nu yín tó? Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́.

Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ní, "Ọkọ mi, ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń fún pa báyìí o."

"Gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn súnmọ́ mi," ni Ìjàpá dá a lóhùn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Agbọ́n bọ́ sójú agbo nílé àna, ó ní kóun jó. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó gbẹ́sẹ̀ kejì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá Ìrẹ̀ sáré gbé e lé itan, ó sì fọwọ́ kan èèpo igi.

"Ta ló di ọmọ mi báyìí?"

Agbọ́n fi ohùn tínńrín fèsì. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn obìnrin òkè odò lẹ fẹ́, Ìyá."

"Èmi? Ìwọ tí mo rí létí odò, tí ìlẹ̀kẹ̀ ń ké nídìí rẹ, ni mo ní kí ọmọ mi lọ fẹ́. Èmi ò tilẹ̀ dé òkè odò rí." Ó bú sẹ́kún.

Wọ́n tú kókó náà títí, kò tú. Wọ́n gé e, kò gé. Èémí Agbọ́n ń dínkù. Agbọ́n dárúkọ Ìjàpá, ni wọ́n bá sáré lọ sílé rẹ̀. Ìjàpá gbúròó wọn, ó fẹ́ sá jáde, àmọ́ ikùn tó fi oúnjẹ oṣù kan kún há sẹ́nu ọ̀nà. Orí wà níta, ìdí wà nínú ilé, àwo oúnjẹ Agbọ́n sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fà á yọ, wọ́n gbé e délé àna, ó tú kókó náà. Agbọ́n mí. Ó yè, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ kò padà.

Ìyá Ìrẹ̀ wo Ìjàpá. Ó ní, "Aṣọ yìí dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká rí i lára ẹni tó rán an."

Wọ́n fi èèpo igi kan síwájú, wọ́n fi òmíràn sẹ́yìn, wọ́n di okùn mú.

Ẹ jọ̀wọ́ ará ilé, mi ò lè mí mọ́ —
Fà á, kó le!
Ikùn ń ro mí, ẹ tú u díẹ̀ —
Fà á, kó le!

Okùn wọnú ọ̀rá lọ pátápátá. Kò sẹ́ni tó tún rí kókó náà mọ́. Aṣọ líle tó wà lára Ìjàpá dòní nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tó fa orí wọlé, kókó yẹn ló ń wá.

Agbọ́n wọlé ọkọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ìyá ọkọ fi ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìbàdí kò kún mọ́. Ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn, ó ń ta á ni. Ó rò pé okùn lẹ tún mú wá.

Mosúnmọ́lá, tú rọ́bà tí o fi di ikùn yẹn. Ìgbéyàwó rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ tí ọkọ ti rí tẹ́lẹ̀ náà ló sì ń bọ̀ wá gbé. Lọ gbé ẹ̀bà rẹ wá.

Ibi tí àlọ́ mi fẹsẹ̀ tì sí nìyí. Bí mo bá pa irọ́ kankan mọ́ ọn, kí okùn tòbí mi já níṣojú gbogbo yín. Mo dìde rèé. Mo fò lẹ́ẹ̀kan, mo fò lẹ́ẹ̀mejì, mo fò lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò já.