Ìdí Tí Kọ́ńpáàsì Fi Ń Dá Gbé Nínú Epo

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹyẹ ṣì máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti wo ọkọ̀ òfurufú bó ṣe ń kọjá, ojú pátákó kan náà ni gbogbo ohun tí awakọ̀ ń wò ń gbé. Wọ́n tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ ìyá tó jókòó ti ara wọn lórí ẹní.

Kọ́ńpáàsì ni àgbà wọn. Àárín gan-an ló jókòó sí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì yá. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: ó mọ ibi tí àríwá wà.

Òkòtó ni àbúrò rẹ̀. Inú ilé gíláàsì kékeré ló ti ń pòyì láìsinmi. Bó ṣe ń pòyì yẹn ni kò jẹ́ kó ṣubú, tó sì fi lè di ọ̀nà kan mú gírígírí, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń fì. Ṣùgbọ́n Òkòtó kò mọ àríwá fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní láti sọ fún un. Bó bá sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un mọ́, yóò máa yẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, kò sì ní mọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àṣà pé kí Òkòtó kí Kọ́ńpáàsì kí ọkọ̀ tó gbéra, kó sì tún máa kí i lóòrèkóòrè lójú ọ̀run.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo ni àríwá wà?"

"Ọ̀hún nìyẹn, àbúrò mi. Kọjú síbẹ̀."

Morádékẹ́ ni orúkọ awakọ̀ wọn. Ojú Òkòtó ló máa ń wò jù, nítorí pé ó dúró jẹ́ẹ́, kì í gbọ̀n. Òkòtó rí i bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ wú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Morádékẹ́ fẹ́ gbé oògùn lọ sí Ìdí-Ìyá, ìlú kan lẹ́yìn àwọn òkè. Èéyi ti dá àwọn ọmọ ibẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọyẹ́ náà ki débi pé Morádékẹ́ kò rí ṣóńṣó apá ọkọ̀ rẹ̀.

Òkòtó kò kí ẹnikẹ́ni.

"Òkòtó, ṣé o jí ire?" ni Kọ́ńpáàsì wí. "Àbí kí n dọ̀bálẹ̀ kí ọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sinmi! Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń wò ni, àbí èmi? Ẹ̀yin tí ara yín ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe!"

Awòga, tó máa ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó, bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí Kọ́ńpáàsì tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi gbá ara gíláàsì. "Ó dáa," ló wí. "Mo ti panu mọ́. Ẹ óò pè mí lọ́jọ́ tí ẹ bá sọnù."

Ọkọ̀ gbéra. Nígbà tó ṣe, Òkòtó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ bí ìbú irun, ó wá yẹ̀ bí ìbú ìka. Kọ́ńpáàsì rí i. Ó wo àríwá, ó wo ojú Òkòtó, ó pòṣé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń pòṣé?" ni Awòga béèrè.

"Lọ bi Òkòtó!"

Lójijì, àpáta dúdú kan yọ nínú ọyẹ́, ní ibi tó yẹ kó jẹ́ òfìfo. Igi kan wà lórí rẹ̀. Morádékẹ́ pariwo, ó sì yí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá ọkọ̀ já ewé lórí igi náà. Àwọn páálí oògùn fò lu ara wọn lẹ́yìn.

"Àríwá dà?" ló kígbe.

Kọ́ńpáàsì la ẹnu, ṣùgbọ́n ìbínú ń tì í síbìí, yíyí ọkọ̀ ń tì í sọ́hùn-ún. "Ọ̀hún ni! Rárá, ẹ̀yìn ni! Rárá..."

"Pa ẹnu mọ́!" Morádékẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pátákó. Ó tún ọkọ̀ ṣe kó máa lọ tààrà, ó sì dúró títí abẹ́rẹ́ náà fi rọlẹ̀. "Sọ ọ́ báyìí."

"Apá òsì yín ni. Ó ti pẹ́ tí a ti yẹ̀."

"Ó ti pẹ́? O rí i?"

"Mo rí i," ni Kọ́ńpáàsì wí.

"O rí i, o sì dákẹ́?"

"Kò kí mi ni!"

"Àwọn ọmọ wà lórí àìsàn, ìwọ ń dúró de ìkíni!"

"Èmi ò mọ̀ pé mo ti yẹ̀," ni Òkòtó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Ta lo bi?" Morádékẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i kọjú sí àríwá.

Epo ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá kí òrùlé Ìdí-Ìyá tó yọ. Àwọn ìyá sáré wá gba oògùn, wọ́n ń fà á lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá kan dúró sẹ́yìn. Kò na ọwọ́. Ọmọ tirẹ̀ kò lè dúró dè wọ́n; ó ti kú kí ọkọ̀ tó dé.

Morádékẹ́ kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó padà sínú ọkọ̀.

Ó fa Kọ́ńpáàsì tu kúrò lójú pátákó. Ó tì í mọ́ inú gíláàsì, ó rọ epo kún un, kí ara rẹ̀ lè tutù. Ó wá gbé e kọ́ sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí irin ara àwọn yòókù kò ti ní máa fa orí rẹ̀ kiri.

"Ta ni n óò máa bá sọ̀rọ̀ níbí?" ni Kọ́ńpáàsì béèrè.

"Èmi. Nígbà tí mo bá bi ọ́."

Ó yíjú sí Òkòtó, ó sì so kókó kan tí ọwọ́ lè fi yí i mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Etí rẹ nìyí. Bó wù ọ́, bí kò wù ọ́, n óò máa fà á."

Láti ọjọ́ náà ni Kọ́ńpáàsì ti ń dá gbé lókè, tó ń fì nínú epo. Ìbínú rẹ̀ kò tán. Bí ọkọ̀ bá ń yí, á sáré ṣáájú tàbí kó fà sẹ́yìn, awakọ̀ kì í sì í gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ àfi bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà náà ni awakọ̀ á gbójú sókè wò ó, á sì fa etí Òkòtó títí ojú àwọn méjèèjì yóò fi ṣe ọ̀kan. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ló ń bá wọn kí ara wọn.